Màmá Ìbídùnní Eunice Olóyèdé, Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Omi Abẹ́ Amọ̀ Ìlọ́fà

Ní Odò-Ọwá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀, Ìpínlẹ̀ Kwara, ni a ti bí Màmá Ìbídùnní Eunice Olóyèdé ní nǹkan bí ọdún 1948. Bàbá wọn ni Olóògbé Japhet Adégbóyè, àgbẹ̀ oníṣu tó tún jẹ́ alàgbà ìjọ. Ìyá wọn ni Olóògbé Abígẹ́lì, ọmọ ìdílé tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò láti ìran dé ìran. Màmá ni ọmọ kejì àwọn òbí wọn, àwọn ni wọ́n sì gbẹ̀yìn láyé nínú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá.

Ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni Màmá ti kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀. Amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ìkòkò kì í ṣe èyí tí èèyàn kàn ń bù lójú ọ̀nà. Ìgbà tó bá ṣì tutù ni wọ́n ń wà á. Wọn a ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀, wọn a gún un, wọn a sì fi àpò tó rin bò ó títí ọwọ́ yóò fi kàn án. Bí ó bá gbẹ kí wọ́n tó mọ ọ́n, yóò là nínú iná, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà á sì di àfọ́kù. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń yin Màmá fún sùúrù, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Èmi kọ́ o. Amọ̀ ló tọ́ mi. Bí mo bá kánjú, á là mọ́ mi lọ́wọ́."

Ní ọdún 1956 ni Màmá wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Odò-Ọwá. Bàbá wọn kò kọ́kọ́ gbà, nítorí pé ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ti wà ní ilé-ìwé, ẹni tó máa tẹ̀lé bàbá lọ sóko kò sì tó. Ìyá wọn ló dúró lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n parí ilé-ìwé yìí ní 1963. Ní 1965 wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ onípò kẹta. Ti onípò kejì, àsìkò ìsinmi ni wọ́n fi kà á, nígbà tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ti ń tọ́mọ.

Kóro ni wọ́n ti pàdé bàbá wa, Olóògbé Ebenezer Olóyèdé, káfíńtà ọmọ Ìlọ́fà, tó wá kan àga fún ilé-ìwé tí Màmá ti ń kọ́ni. Màmá pè wọ́n pé kí wọ́n wá wo àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Bàbá wò ó, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe àga, ilẹ̀ ni kò tẹ́jú. Màmá ní àga ni. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá mìíràn, ó mì. Wọ́n gbé àga mìíràn wá sí ojú ibẹ̀, òun náà mì. Bàbá ní, "Tíṣà, àwa méjèèjì la jàre," wọ́n sì gé ẹsẹ̀ àga náà, wọ́n tún ilẹ̀ náà ṣe. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó nínú ìjọ Áńgílíkà ní Ìlọ́fà ní ọdún 1971. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Bàbá ṣáájú lọ ní 2009.

Màmá kọ́ni ní Kóro, ní Ìdòfin àti ní Ọ̀sí kí ìjọba tó gbé wọn wá sí Ìlọ́fà ní 1983. Níbẹ̀ ni wọ́n ti di ọ̀gá ilé-ìwé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fẹ̀yìntì ní 2004. Kò sí ẹni tó gba abẹ́ ọwọ́ wọn kọjá tó lè gbàgbé bí a ṣe ń múra de alábẹ̀wò. Bí ìròyìn bá ti dé pé alábẹ̀wò ilé-ìwé ń bọ̀ láti Ìlọrin, ìwé kíkà dúró nìyẹn. Gbogbo ọmọ a mú àdá àti ìgbálẹ̀ wá. Wọn a ṣán koríko, wọn a dí gbogbo kòtò inú ọgbà, wọn a ṣa òkúta tó tóbi díẹ̀ jọ, wọn a kùn ún ní funfun, wọn a sì tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì láti ẹnu géètì dé ọ́fíìsì. Màmá a máa rìn yí wọn ká pẹ̀lú pàṣán tí wọn kì í fi na ẹnikẹ́ni: "Òkúta yẹn wọ́. Àbí ojú tìrẹ ló wọ́? Tún un tò." Àwọn alábẹ̀wò a máa yin ilé-ìwé náà. Àwọn ọmọ náà dàgbà, wọ́n bí ọmọ, àwọn ọmọ wọn tún kọ́ ọ lọ́dọ̀ Màmá: bí àlejò ìjọba bá ń bọ̀, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́.

Kòtò amọ̀ kan wà ní ìsàlẹ̀ àpáta ní Ìlọ́fà. Nígbà àtijọ́, ẹ̀yìn ìlú ló wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ ilé yí i ká tipẹ́, ó ti di àárín ìlú. Àwọn obìnrin amọ̀kòkò ló ń wà á. Ní ọdún 1988, òjò ńlá kan wọ́ ẹ̀gbẹ́ kòtò náà lulẹ̀, egungun sì yọ jáde, ó wúwo bí irin. Ìyá kan gbé ọ̀kan lọ sílé, ó fi ṣe ọ̀kan nínú òkúta ààrò rẹ̀. Nígbà tí iná mú un dáadáa, ó bú gbàmù, ọbẹ̀ dànù. Ìyá náà jókòó síwájú ìdáná, ó ń bi gbogbo ẹni tó ń kọjá pé, "Irú egungun wo leléyìí tó ń bá ọbẹ̀ jà?" Màmá gba àfọ́kù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wo ojú ibi tó ti là. Wọ́n rí ihò kéékèèké inú rẹ̀ bíi ti egungun màlúù, àmọ́ òkúta ti kún gbogbo ihò náà. Wọ́n fi aṣọ dì í, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ fásitì kan.

Àwọn olùkọ́ náà wá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ní egungun erinmi ni, pẹ̀lú ti erin àti àwọn ẹranko mìíràn, láti ìgbà tí omi ńlá kan wà níbi tí ìlú wà báyìí, kí èèyàn kankan tó dó síbẹ̀. Àmì ewé igi ìgbà náà tún wà nínú amọ̀, gbogbo iṣan rẹ̀ hàn kedere. Màmá fẹ́ràn láti máa ṣàlàyé bí egungun ṣe ń di òkúta. Egungun tó bá bọ́ sínú amọ̀ tútù kì í tètè jẹrà, nítorí pé afẹ́fẹ́ kò ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Omi tó ń sun láti ara àpáta a máa gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀, a sì máa fi èyí tó kó wá láti inú àpáta sílẹ̀ nínú àwọn ihò rẹ̀. Wọn a mú kẹ́tùlù ilé wa, wọn a ṣí i, wọn a fi èèpá funfun tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ han àlejò: "Omi kànga ló ṣe èyí láàrin ọdún díẹ̀. Ẹ wá fún un ní àyè tó pọ̀ ju ìyẹn lọ."

Ní 1995, ìjọba ṣọgbà yí ibẹ̀ ká, wọ́n kọ́ yàrá kan láti kó àwọn egungun tí wọ́n ti yọ sí, wọ́n sì gbin igi. Bàbá wa ló kan àwọn bẹ́ǹṣì rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà ni Ọgbà Egungun-Òkúta Ìlọ́fà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé láti Ọ̀sí, Kóro àti ibòmíràn máa ń wá wò ó.

Lẹ́yìn tí Màmá fẹ̀yìntì ni wọ́n fi wọ́n ṣe alága àwọn olùtọ́jú Ọgbà náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú egungun ṣì wà nínú amọ̀ níbi tó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí pé àwọn olùkọ́ náà ní kí a má yọ ọ́ títí ilé tó yẹ yóò fi wà fún un. Egungun tí ọ̀rinrin ti mọ́ lára, bí ó bá gbẹ lójijì, á là bí amọ̀ tí a kò bò. Nítorí náà, bí ọyẹ́ bá ti dé, Màmá a kó àpò lọ, wọn a rẹ ẹ́ sómi, wọn a fi bo ojú kòtò. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn a ká a. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún nìyẹn, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ nípa rẹ̀.

Ohun tí Màmá mọ̀ jù nípa ibẹ̀ ni bí omi rẹ̀ ṣe ń rìn. Òjò tó bá rọ̀ sórí àpáta a máa wọlẹ̀ níbi tí àpáta ti pàdé ilẹ̀. Á rìn lábẹ́ amọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á rin egungun, á sì yọ sínú kànga àwọn ilé tó wà ní Ìsàlẹ̀-Amọ̀. Ọ̀nà kan náà ni omi egungun àti omi kànga ń gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá fi kọnkéré bo ibi tó ti ń wọlẹ̀, egungun á gbẹ, kànga á gbẹ, òjò tí kò ríbi wọ̀ á sì máa ṣàn gba ojú ilẹ̀ wọ yàrá àwọn èèyàn.

Ní ọdún 2017, ìròyìn dé pé wọn yóò tún Ọgbà náà kọ́: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé olókè kan, ilé ìtura fún àlejò, ṣọ́ọ̀bù, àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Màmá jó lọ́jọ́ náà. A ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri pé Màmá kò fẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n tilẹ̀ ti ń sọ irú àwo tí wọ́n yóò fi gba àlejò. Ìgbà tí wọ́n rí àwòrán iṣẹ́ náà ni wọ́n rí i pé ibi tí omi ti ń wọlẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ da kọnkéré ìgbọ́kọ̀sí sí. Ohun kan ṣoṣo ni Màmá bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n gbé ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ sí apá kejì, lẹ́bàá títì. Wọn kò bẹ̀bẹ̀ fún ohun mìíràn títí wọ́n fi kú.

Òfin sọ pé kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn onímọ̀ gbọ́dọ̀ wá yẹ ibẹ̀ wò, kí wọ́n kọ ohun tó wà níbẹ̀ àti ohun tí iṣẹ́ náà yóò ṣe sí ilẹ̀, sí omi àti sí àwọn tó ń gbé ní àyíká. Lẹ́yìn náà, wọn yóò pe ìpàdé ìlú láti gbọ́ ẹnu àwọn onílé. Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí níbẹ̀ ni agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀lé. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, Màmá lọ sí Ìlọrin fúnra wọn láti mú àwọn onímọ̀ náà wá, nítorí wọn kò fẹ́ kí ojú ọ̀nà tí kò dára dá wọn padà.

Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀kúnlé, olórí àwọn ọ̀dọ́ nígbà náà, tó jẹ́ ọmọ ilé-ìwé Màmá, gbọ́ pé àlejò ìjọba ń bọ̀. Ó pe àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn obìnrin àdúgbò jọ. Wọ́n ṣán koríko. Wọ́n kó àwọn àpò tó wà lójú kòtò, wọ́n sun ún pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí. Wọ́n kó ilẹ̀ pupa wá, wọ́n fi dí kòtò náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí àlejò má baà já sínú rẹ̀. Àwọn egungun tó ti yọrí síta, wọ́n wú wọn, wọ́n kùn wọ́n ní funfun, wọ́n sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì láti ẹnu géètì dé ẹnu yàrá tí wọ́n ń kó egungun sí.

Nígbà tí ọkọ̀ dúró, Ayọ̀kúnlé sáré pàdé wọn, ọ̀dà funfun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ wò ó! Kò sí èyí tó wọ́ níbẹ̀!"

Màmá wo ọ̀nà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi. Lóòótọ́, kò wọ́." Wọ́n bá jókòó sílẹ̀ lójú ibi tí wọ́n dúró sí.

Alhájà Bilikis, tó jẹ́ olórí àwọn onímọ̀ náà, wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó bi wọ́n pé, "Ìyá, kòtò yẹn ńkọ́?"

Màmá ní, "Àwa la dúró lé e lórí."

Obìnrin náà ṣàlàyé fún wọn tìfẹ́tìfẹ́. Egungun tí wọ́n ti gbé kúrò ní ipò rẹ̀ kò lè sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀ mọ́, nítorí pé ibi tó dùbúlẹ̀ sí àti ohun tó yí i ká ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Èyí tó ṣì wà nísàlẹ̀, ojú òun kò rí i, agbára àtigbẹ́ ilẹ̀ kò sì sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán òun. Ó ní, "Ohun tí mo rí ni mo lè kọ, Ìyá. Ẹ má bínú." Màmá ní àwọn kò bínú, pé kí wọ́n wá jẹun. Wọ́n gbé iyán tí wọ́n ti gún sílẹ̀ fún wọn, Màmá jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán. Ìgbà tí ọkọ̀ lọ tán ni Màmá tó wọ yàrá.

Àwọn kan ní kí Màmá bá Ayọ̀kúnlé wí gan-an. Màmá ní, "Kí ni mo fẹ́ wí? Ta ló kọ́ ọ?" Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí láàrin wọn nìyẹn. Ayọ̀kúnlé ló wa Màmá lọ sí Ìlọrin lórí ọ̀rọ̀ yìí ní gbogbo ọdún tó tẹ̀lé e, kò sì gba owó epo lọ́wọ́ wọn rí.

Ìwé àyẹ̀wò náà jáde. Ó ní ilẹ̀ náà ti jẹ́ èyí tí wọ́n ti tún ṣe tẹ́lẹ̀, kò sì sí egungun kan tó wà ní ipò rẹ̀. Kí wọ́n tó lè tún àyẹ̀wò ṣe, kí wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ pupa náà kúrò, ìpàdé ìlú ni yóò béèrè fún un, àwọn onílé tó yí Ọgbà ká gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí wọ́n sì sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn. Èyí ni ohun tó gba ọdún tó kù nínú ayé Màmá.

Kò ṣòro láti ṣàlàyé ìdí tí ìpàdé náà kò fi ṣeé ṣe. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé tó yí Ọgbà náà ká, títì ni wọ́n tì wọ́n pa. Ìlọrin, Èkó àti Àbújá ni àwọn tó ni wọ́n ń gbé. Ìpàdé àkọ́kọ́ bọ́ sí ọjọ́ ọjà, àwọn àgbàlagbà díẹ̀ ló wá, òṣìṣẹ́ tó darí rẹ̀ sì ní àwọn tó wá kò tó láti sọ̀rọ̀ fún ìlú. Èkejì, òjò gé ọ̀nà Odò-Ọwá, àwọn òṣìṣẹ́ náà fúnra wọn ni kò lè dé. Lẹ́yìn ìyẹn, kòrónà dé, kò sí ẹni tó ń pe ìpàdé. Lẹ́yìn kòrónà, ìdìbò. Lẹ́yìn ìdìbò, wọ́n pààrọ̀ ọ̀gá ọ́fíìsì náà, ọ̀gá tuntun sì ní kí Màmá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Màmá ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ ọ̀gá tuntun náà.

Wọn a jí, wọn a wẹ̀, wọn a wọ bàtà wọn, wọn a jókòó de Ayọ̀kúnlé. Bí wọ́n bá padà dé, wọn a bọ́ bàtà náà, wọn a na ẹsẹ̀ sórí àpótí. Bí a bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n sọ, wọn a ní, "Wọ́n ní kí n padà wá." Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwa ọmọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Tèmídayọ̀ nínú wa sọ fún wọn lójúkojú pé egungun tí kò mọ̀ pé ó ti kú ni wọ́n ń pa ara wọn fún. Màmá ní, "Egungun kì í pọn omi. Ẹ lọ wo ẹni tó ń pọn omi ní Ìsàlẹ̀-Amọ̀." Ní àwọn ìgbà tó rẹ̀ wọ́n jù, wọ́n máa ń sọ pé ó ti rẹ àwọn. Wọn kò fi ara wọn ṣe akíkanjú. Wọ́n kàn ń lọ ni.

Nínú ìjọ, Màmá jẹ́ ọmọ Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá, wọ́n sì jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn kì í gbàdúrà gígùn. Ìgbà kan tí wọ́n ní kí wọ́n gbàdúrà nítorí kànga ìjọ tó gbẹ, wọ́n gbàdúrà náà ní ṣókí, wọ́n sì ní kí ẹnì kan wọ inú kànga lọ wò ó. Wọ́n bá ewé àti ìdọ̀tí tó dí ìsun rẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn ìyàwó ilé ní bí wọ́n ṣe lè fi iyanrìn àti èédú sẹ́ omi mu, ọ̀pọ̀ ilé ló ṣì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ dòní.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, 2025, ọkàn Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn wú, wọn kò lè gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì kankan mọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ni ìròyìn dé pé wọ́n ti mú ọjọ́ mìíràn fún ìpàdé náà: Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kọkànlá. Wọ́n kọ ọ́ kún un pé ó di ìgbẹ̀yìn. Bí àwọn onílé kò bá wá, iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ bó ṣe wà nínú àwòrán.

Màmá gbọ́ ọ lórí ibùsùn. Wọ́n pe Fẹ́mi, àkọ́bí wọn, wọ́n ní, "Wọn ò ní wá sí ìpàdé. Mo mọ̀ wọ́n. Òkú ni wọ́n máa ń wá sin. Bí mo bá lọ kí ọjọ́ yẹn tó pé, ẹ má sáré sin mí. Ẹ jẹ́ kí n dúró dè é."

Fẹ́mi ní kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní, "Mo ti sọ ọ́ tán."

Màmá sùn nínú Olúwa ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ní ọ̀sán, nínú ilé wọn ní Ìlọ́fà.

Gbogbo mọ̀lẹ́bí kò gbà sí ọjọ́ ìsìnkú yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá Àlímì, àbúrò bàbá wa, bínú gidigidi ní ìpàdé ẹbí. Wọ́n ní, "Ẹ fẹ́ fi òkú ìyá yín ṣe páálí ìpolongo? Ṣé wọ́n ń sin òkú de ọ́fíìsì ni?"

Tèmídayọ̀, tó ti bá Màmá jà lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà ayé wọn, ló dá wọn lóhùn. Ó ní, "Bàbá, ẹni tó ni òkú ló sọ bẹ́ẹ̀."

Bàbá Àlímì wo ilẹ̀. Wọ́n ní, "Ìbídùnní náà kúkú ni. Kò níí jẹ́ kéèyàn sinmi." Àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Nítorí náà ni a ṣe mú Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kọkànlá, fún ìsìnkú Màmá. Ìpàdé náà ni ọ̀la rẹ̀.

Àwọn tí Màmá fi sílẹ̀ sáyé ni àwọn ọmọ wọn: Fẹ́mi Olóyèdé àti ìyàwó rẹ̀, Ìyábọ̀, ní Ìlọrin, Tèmídayọ̀ àti ọkọ rẹ̀, ní Èkó, àti Ọmọ́bọ́lá, tó bá wọn gbé nílé títí dópin. Àwọn ọmọọmọ wọn tó wà láyé ni Pẹ̀lúmi, Dára, Princess àti Ayọ̀mídé, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan sì wà, tí Màmá gbé mọ́ra ní oṣù Kẹjọ. Bàbá Àlímì àti gbogbo mọ̀lẹ́bí ní Odò-Ọwá àti Ìlọ́fà náà ṣì wà, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn tí kò lóǹkà.

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wá láti ọ̀nà jíjìn, ìdílé Olóyèdé dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. A mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín, a sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀ pé àárọ̀ ọ̀la ni ẹ ó padà. A ń bẹ̀ yín, ẹ má tíì lọ. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé tí Màmá ti fẹ̀yìntì ni ìpàdé wà, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kankan tí ẹ nílò láti sọ. Kí olúkúlùkù dìde, kó dárúkọ ilé rẹ̀, kó sọ pé kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ pupa náà kúrò, kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe, kí wọ́n sì gbé ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ sẹ́bàá títì. Oúnjẹ yóò wà níbẹ̀. Ọkọ̀ yóò sì kó yín lọ lẹ́yìn ìpàdé.

Kí Ọlọ́run tó dá omi kó gbà yín sí ìsinmi, Màmá. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ na ẹsẹ̀. Ẹ sùn dáadáa. Àwa la ó lọ sí ìpàdé ọ̀la.